Ewé Kò Sọ Síǹkì Di Àgbo

"Ewé ni wọ́n fi ṣe é, kò lè ba omi jẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Ohun tí àwọn tó ń sọ ọ́ ń wí ni pé àwọn ti rí ìyẹ̀fun tí yóò yọ aró kúrò nínú omi àdìrẹ, àti pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé omi ewúro tàbí dóńgóyárò ni wọ́n fi pò ó, kò léwu.

Irọ́ ni! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á se ewé, wọ́n á sẹ́ ẹ. Wọ́n á da zinc nitrate sí i, kẹ́míkà inú ike tí wọ́n rà. Wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á máa rò ó títí yóò fi ki. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó o sínú ààrò oníná tó gbóná tó 400 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ewé wo ló ń ṣẹ́ kù nínú irú iná bẹ́ẹ̀? Ó ti jó ráúráú. Nitrate náà ti bá èéfín olóró lọ. Zinc oxide ló kù nínú abọ́, síǹkì kan náà tó wà nínú èyí tí wọn ò fi ewé kankan ṣe.

Mo gbà pé ewé ń dín kẹ́míkà tí wọn ì bá lò kù. Àmọ́ dóńgóyárò kò bá ìyẹ̀fun yẹn dé inú omi, síǹkì ló débẹ̀. Zinc oxide ń yọ́ nínú omi tó kan, ó tún ń yọ́ nínú sódà líle, sódà yìí kan náà tí àwọn aláró Ìtokù l'Abẹ́òkúta fi ń ṣiṣẹ́! Síǹkì tó bá yọ́ ń pa àwọn kòkòrò kéékèèké tí ẹja ń jẹ. Ṣé ohun tí a fẹ́ fi gba odò là nìyí?

Wọ́n ní bí oòrùn bá ti ràn sí ìyẹ̀fun náà nínú omi, á tú aró ká. Ìtànṣán tó ń mú zinc oxide ṣiṣẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 oòrùn lọ, omi aró dúdú kì í sì í jẹ́ kó wọlé. Wọ́n ní àwọ̀ ti ṣí. Bó bá kàn lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun ńkọ́? Aṣọ ìsẹ́ kò sì lè dá èérún ìyẹ̀fun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ fọ omi aró, kó so ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ amọ̀ tí a lè kó jáde, kó wọn síǹkì tó kù nínú omi, kó sì fi iye rẹ̀ hàn wá. Títí dìgbà náà, ẹ̀yin ìyá wa aláró, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni da ìyẹ̀fun sómi yín nítorí pé ó dárúkọ ewé.