Ọjọ́ Kẹrin Ń Kọ́?

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn wa, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n. Bí ìsinmi bá dé, àwọn ará ìjọ a kún inú ọkọ̀ lọ ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ààwẹ̀ àti àdúrà, àwọn kan sí orí òkè, àwọn kan sí àgọ́ tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwa kò bu ohun rere yìí kù, nítorí tí àwa pẹ̀lú ti jẹ nínú oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìwé gbèsè kíkọ a máa rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Oníṣòwò kan jẹ́jẹ̀ẹ́ pẹ̀lú omijé ní àgọ́ pé òun yóò san owó aṣọ tí òun jẹ opó kan. Ìwé rẹ̀ ń bẹ níwájú wa títí di òní: kọ́bọ̀ kan kò wọlé.

Àwọn kan ti ronú sí àléébù yìí ṣáájú wa. Ní erékùṣù Mallorca, ní ilẹ̀ Sípéènì, ní 1944, Eduardo Bonnín, ọmọ ìjọ Àgùdà tí kì í ṣe àlùfáà, àti àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí a ń pè ní Cursillo, èyí ni pé, ẹ̀kọ́ kúkúrú. Ohun tí ó wù wá nínú ètò wọn ni pé ìyókù ayé ẹni ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ kẹrin. Nítorí ọjọ́ kẹrin yìí, àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ a máa pàdé ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, olúkúlùkù a sì jíhìn fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: báwo ni àdúrà rẹ, kí ni o kọ́, kí ni o ṣe?

Àwọn kan yóò wí pé èyí yóò sọ ìsìn di ilé ẹjọ́. Òótọ́ ń bẹ níbẹ̀. Olófòfó kò gbọdọ̀ wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́wàá a máa dá èsúsú nínú ọjà wa láìsí ọlọ́pàá. Bí a bá lè fọkàn tán ara wa lórí owó, kí ni ó dé tí a kò lè ṣe é lórí ìwà?

Nítorí náà àwa ń bẹ ẹ̀yin alàgbà tí ń ṣètò ìpàdé tí ń bọ̀: kí ọkọ̀ tó gbéra padà, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ń gbé àdúgbò kan náà pọ̀, mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ sì dá ọjọ́ àti ilé tí wọn yóò ti máa pàdé. Ní ti oníṣòwò wa, àwa mọ̀ pé ó máa ń ka ìwé ìròyìn yìí. Opó náà ṣì ń retí.