Orúkọ Wa Kọ́ Ló Bà Jẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ti di òfin lẹ́nu àwọn ènìyàn láti Ìlárò títí dé Ayétòrò: kọ̀ǹpútà kì í ṣìṣe. Bí ìyá kan bá kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, tí ìlà pupa yọ pé orúkọ náà kò ṣeé gbà, ìyá ni wọ́n á dá lẹ́bi. Ọmọ káfé á ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n yọ àwọn àmì yẹn, àwọn ló ń dà á rú." Ìyá á gbà. Ṣẹ́gun á di Segun, Ọ̀ṣọ́ á di Oso, ẹni tí kò bá sì mọ ìdílé náà lè kà á sí oṣó. Irọ́ ni ìgbàgbọ́ yìí, ó sì tó gẹ́ẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn bọ́tìnnì. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ohun tí a kọ á lọ bá server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá wa lóhùn láti ọ̀nà jíjìn. Kí server tó tọ́jú rẹ̀, á kọ́kọ́ gbà á kọjá nínú asẹ́ kan. Ìlànà kúkúrú ni asẹ́ yìí, ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ló sì kọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù, gbogbo ohun tó wí ni pé: gba A títí dé Z, dá ìyókù padà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ìpàdé àkọtọ́ tó wáyé ní Èkó ní 1875 ni ẹ, ọ àti ṣ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí server kankan tó dáyé. Kọ̀ǹpútà pàápàá mọ̀ wọ́n. Nínú Unicode, tó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà, 7865 ni ẹ, 769 ni àmì ohùn òkè. Àwọn méjèèjì ló jókòó pọ̀ di ẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ asẹ́ ti ń kọsẹ̀ gan-an nìyí: èyí tó gba lẹ́tà ẹ lè má gba ẹ́, torí ẹni tó kọ ìlànà rò pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni lẹ́tà kan gbọ́dọ̀ ní. Asẹ́ tó bá da ògì nù pọ̀ mọ́ èérí, ṣé ògì la ó bá wí?

Àwọn tó ń kọ asẹ́ á ní nítorí ààbò ni. Òótọ́ ni pé olè a máa ki àṣẹ bọ inú àyè orúkọ. Ohun tí olè gbójú lé ni pé ẹni tó kọ ètò náà lẹ ọ̀rọ̀ àlejò mọ́ àṣẹ tó ń rán sí àpótí ìsọfúnni, débi pé àmì kékeré bí èyí tó wà nínú orúkọ O'Brien lè pa ẹnu orúkọ dé, kí ìyókù di àṣẹ. Oògùn rẹ̀ ti wà tipẹ́: kí a rán àṣẹ lọ́tọ̀, kí a rán orúkọ lọ́tọ̀, kí ohun yòówù tó wà nínú orúkọ máa jẹ́ orúkọ lọ. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe èyí, O'Brien pàápàá kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Níbi tí wọn kò bá ti ṣe é, dídá lẹ́tà ọ padà kò dáàbò bo nǹkan kan, torí lẹ́tà ọ kò ṣí ilẹ̀kùn fún olè rí. Oníbodè tó ń dá gbogbo ẹni tó kọlà padà, tó ní fàyàwọ́ lòun ń lé, kò tíì mú fàyàwọ́ kankan.

Àwọn mìíràn á ní orúkọ gbọ́dọ̀ bá ti NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, àti ti báǹkì mu. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n server lè tọ́jú Ajíbádé bí onílé ṣe kọ ọ́, kó sì ṣe ẹ̀dà kan tí kò lámì, èyí tí yóò máa fi wé ìwé ibòmíràn. Ẹnubodè tiwa tún le díẹ̀ sí i. Láti 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti pín ilẹ̀ yìí, ọmọ bàbá kan náà lè jẹ́ Ajíbádé ní Ìlárò, kó jẹ́ Adjibadé ní Pobè, lórílẹ̀-èdè Benin. Èyí ju asẹ́ lọ. Ènìyàn ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó ṣètò bí server ṣe ń fèsì kò fìgbà kan gbà pé kì í ṣìṣe. Èsì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, bíi 400, ń sọ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè ni àṣìṣe wà. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, bíi 500, ń sọ pé server fúnra rẹ̀ ló kùnà. A ti rí irú rẹ̀: ní 2025, nígbà tí èsì JAMB, ìdánwò ìwọlé yunifásítì, jáde tí máàkì ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kò tó 200, ọ̀pọ̀ ló ní àwọn ọmọ kò kàwé. Ní 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, jẹ́wọ́ ní gbangba pé wọn kò ṣe àtúnṣe tó yẹ sí àwọn server kan tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ní gúúsù ìlà-oòrùn. Ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, tí wọ́n sì pè padà wá ṣe ìdánwò. Ká ní àwọn òbí gbà pé kọ̀ǹpútà kì í ṣìṣe ni, tí wọ́n dákẹ́, ta ni ì bá wò ó?

Nítorí náà, kí fọ́ọ̀mù kankan tó ṣí fún ará ìlú, kí ẹni tó kọ ọ́ tẹ Ṣẹ́gun, Ọ̀ṣọ́, Adjibadé àti O'Brien sínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kọ̀, kó tún asẹ́ ṣe. Bí kò bá sì tíì ráyè tún un ṣe, kí ojú-ewé náà sọ ọ́ lédè tí ìyá yẹn gbọ́: "Server wa kò tíì lè gba lẹ́tà ẹ́. Àṣìṣe wa ni. Gbogbo ohun tí ẹ ti kọ ṣì wà níbí, ẹ má wulẹ̀ tún un kọ."