Ẹ Bi Àwọn Mo-gbọ́-mo-yà Léèrè

Bí ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án bá ti ku dẹ̀dẹ̀ lọ́dọọdún, àwa oníwèé ìròyìn a tún lọ yọ fáìlì King Sunny Adé jáde. Wọ́n bí i ní Òṣogbo ní 1946, ọmọ ọba Oǹdó ni, ó bá Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí Bàbá Sàlá ṣeré, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, wọ́n kà á mọ́ àwọn tó ń du Grammy nítorí Synchro System, wọ́n tún kà á mọ́ wọn nítorí Odù. Ó parí. Ó di ọdún tó ń bọ̀.

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ní Muṣin, ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́, ẹ ní kó sọ ọjọ́ tó fojú ara rẹ̀ rí Sunny. Kò ní dárúkọ Grammy. Àdúgbò ni yóò dárúkọ, yóò sọ ẹni tó ń ṣòkú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, yóò sọ àwọ̀ aṣọ ẹbí, yóò wá sọ ibi tí òun dúró sí. Ẹ fetí sí ìyẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jókòó. Ẹ̀yìn àtíbàbà ni wọ́n wà, létí gọ́tà, níbi tí iná kò mọ́lẹ̀ dé. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Èmi gbà pé ọwọ́ àwọn mo-gbọ́-mo-yà yìí ni ìtàn Sunny wà, ju ọwọ́ àwọn tó sanwó gbé e wá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá àsìkò yẹn, báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ. Láti ọ̀sán Sátidé ni wọn yóò ti dí òpópónà. Wọn á yí àgbá kan sí ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò, wọn á yí òmíràn sí ìparí rẹ̀, onímọ́tò tó bá débẹ̀ á ṣẹ́rí padà tòun ti èpè lẹ́nu. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á ri irin mọ́lẹ̀, wọn á ta tapólì lé e lórí, wọn á to àga onírin. Nírọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ẹgbẹ́ akọrin á dé pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá, torí ta ló fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé NEPA lọ́jọ́ ńlá? Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá alẹ́, ìlù á bẹ̀rẹ̀. Sunny kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rí o. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò máa mú ojú agbo gbóná, gìtá lórí gìtá, gángan á máa dá sí i, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa tì í lẹ́yìn. Ìgbà tí àwọn àlejò pàtàkì bá ti jókòó tán ni ọ̀gá á tó yọ.

Yíyọ yẹn ni kì í kúrò lọ́kàn wọn. Ọkùnrin kan tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè, tí orúnkún ń dà láàmú, gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó dìde, ó fi hàn mí bí Sunny ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan wọ́ ilẹ̀, tí èjìká á rọra lọ sílẹ̀, tí gìtá tó gbé kọ́rùn kò ní mì. Ó ní orí igi àgbálùmọ̀ tó dojú kọ pèpéle lòun wà lóru ọjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ké láti inú ilé pé irọ́ ni, igi máńgòrò ni, òun lòun di àkàbà mú. Wọ́n ń bá àríyànjiyàn yẹn lọ nígbà tí mo dìde. Mo gba àwọn méjèèjì gbọ́. Nǹkan bí ogójì ọdún ti kọjá, wọ́n ṣì ń jà lórí igi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣiyèméjì lórí ẹsẹ̀ yẹn.

Ohun tí ẹ̀yìn àtíbàbà ń jẹ́ kéèyàn rí jù ni iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́ orin. Àlejò á wọlé, kó tó jókòó, ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ akọrin ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lorúkọ yín? Kí ni wọ́n ń pe bàbá? Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé epo tó wà ní oríta yẹn? A kọ ọ́ sẹ́yìn páálí sìgá, a fà á lé ẹni tó dúró ti Sunny lọ́wọ́. Orin ò ní dúró. Onígángan á ti máa fi ìlù kí ọkùnrin náà kó tó rìn dé iwájú. Kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ tí Sunny kò gbọ́ rí láyé rẹ̀ á ti wọnú orin, á ti bá ohùn mu, àwọn elégbè á ti gbà á, bí ẹni pé wọ́n ti fi dánra wò láti ilé. Bí orúkọ bá gùn, á gé e. Bó bá kúrú, á fi orúkọ ìyàwó àti ti àkọ́bí kún un. Olóyè á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ẹyọ kan, ẹyọ kan, kò ní kánjú, torí bó bá tètè ná an tán, orúkọ ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé. Ẹnì kan sì wà nílẹ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa ṣa owó sínú àpò.

Olóyè náà kò lè rí gbogbo èyí. Orí rẹ̀ ti wú. Ẹ bi í léèrè lónìí, owó tó ná ni yóò rántí, àti ẹni tó ná ju òun lọ. Wọ́n ní ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Ní ti òde àríyá, ẹni tó wá jí ìkàn jẹ ló mọ bó ṣe dùn.

Ìyá kan tó ń ta ẹja díndín àti búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde ní Ṣúrùlérè láyé ìgbà náà sọ fún mi pé ìlù lòun fi ń mọ ìgbà tí ọjà máa tà. Bí Sunny bá ń ki olówó, àwọn tó wà lórí ìdúró á wá ra ẹja, torí kò sí ìpín tiwọn nínú kíkì. Àmọ́ bó bá dákẹ́, tó yíjú sí àwọn onílù rẹ̀, tó fàyè sílẹ̀ fún gángan àti àkúbà, kò sẹ́ni tó máa wo ojú àwo òun mọ́. Òun náà á fi láílọ́ọ̀nù bo ẹja, á lọ wòran. Ìgbà míì, ajá á gbé méjì nínú ẹja náà. Mo ti ka ìwé àwọn onímọ̀ lórí jùjú, irú orin tí Sunny ń kọ, mi ò tíì rí èyí tó la ọ̀rọ̀ náà yé mi tó báyẹn: ibi kan wà tí orin ti ń wá owó, ibi kan sì wà tó ti ń jayé orí ara rẹ̀, àwọn tí kò lówó ló sì ni ibi kejì yìí.

Àwo orin wá ńkọ́? Ẹni tó bá àwọn àwo rẹ̀ ìgbà náà dàgbà mọ̀ pé ojú kan lè gbà tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó tó tán, orin kan á máa wọnú èkejì láìdúró. Bí wọ́n ṣe ń lù ú lóde nìyẹn. Àwo ló gé e kúrú, kì í ṣe òde ló fà á gùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàtì da àárín òun àti iléeṣẹ́ African Songs rú ní nǹkan bí 1974, tó lọ dá Sunny Aladé Records sílẹ̀, àwọn tó ń dúró létí gọ́tà ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Sátidé ṣì ń dé.

Bob Marley kú ní 1981. Island Records tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde wá ń wò yíká, wọ́n rí Sunny. Juju Music jáde ní 1982, Synchro System ní 1983, Aura ní 1984, Stevie Wonder sì fun fèrè ẹnu sí ìkẹyìn yìí. Àwọn òyìnbó gbọ́ gìtá onítábìlì tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta, irú èyí tí àwọn akọrin ìgbèríko Amẹ́ríkà fi ń sunkún ìfẹ́, wọ́n ya ẹnu. Lẹ́yìn àwo mẹ́ta, Sunny àti Island pínyà. Mi ò fojú kéré ìrìn àjò tó gbé e lọ ṣeré lókè òkun nígbà náà, mo sì mọ àwọn tó rí i níbẹ̀ tí ara wọn kò tíì balẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ti sanwó kó tó dórí pèpéle. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ bàbá ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdajì iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí, ìyẹn kó gba orúkọ àjèjì kó sọ ọ́ di orin lójú ẹsẹ̀, ilé ló fi í sílẹ̀ sí.

Mo mọ̀ pé àwọn olólùfẹ́ Olóyè Ebenezer Obey tó ń ka èyí ti ń bínú. Àgbà ló jẹ́ fún Sunny, Ìdógò ni wọ́n ti bí i ní 1942, ó sì ti dá International Brothers sílẹ̀ láti 1964. Wọ́n á ní ti Sunny kò ju ijó lọ, ọ̀dọ̀ Obey ni ọgbọ́n wà. Àwọn tòhún á fèsì pé ta ló ń fi ọgbọ́n jó? Ìjà yìí ti tú àwọn àfẹ́sọ́nà ká rí. Mi ò ní dá sí i, torí pé ìyàwó mi wà ní ìhà kejì.

Kí ló wá pa òde? Owó ni yóò kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Owó epo rọ̀bì ló gbé e ga. Ní 1977 ni wọ́n tẹ ogún náírà tó ní àwòrán Murtala, òun sì ni owó tó tóbi jù nílẹ̀ yìí títí wọ 1991. Ẹni tó bá ń lẹ irú rẹ̀ mọ́ akọrin lórí, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀. Àwọn sójà pààrọ̀ owó ní 1984, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP tẹ̀ lé e ní 1986. Lẹ́yìn náà ni adigunjalè gba òru mọ́ wa lọ́wọ́, àríyá wá di ti ọ̀sán, ó di pé kí ilẹ̀ tó ṣú kí kálukú ti wà nílé. Fújì náà ti dé, ó ti gba ọ̀pọ̀ ilé ìnáwó. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 wá sọ pé ẹni tó bá ń ná náírà lójú agbo lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san ₦50,000 ó kéré tán, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Ní 2024, ilé ẹjọ́ ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Èmi a máa rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí iye àwọn olóyè àti agbẹjọ́rò tí ì bá ti wà ní Kirikírì báyìí ká ní òfin yẹn ti wà ní 1978.

Síbẹ̀, owó kọ́ ni mo fi ṣe olórí ẹ̀sùn. Ògiri ni. Inú gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni àríyá wà báyìí, àwọn géńdé tó wọ dúdú dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo káàdì. Ẹni tí wọn ò pè kò lè gbọ́ ju bùm-bùm tó ń jáde láti ara ògiri lọ. Mo gbà pé àwọn kan wà tí òde ìgbà náà jẹ níyà. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí lóru tí mọ́tò ò rí ọ̀nà kọjá kò ní bá mi kẹ́dùn, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn tó sùn sí yàrá tó kàn sípíkà. Wọ́n jàre. Àmọ́ akọrin tó ń kọrin nínú gbọ̀ngàn mọ iye ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń kọrin lójú títì kò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Ó ń kọ ọ́ fún ẹni tó rí àti ẹni tí kò rí.

Ohun kan ṣì wà tí a lè rí mú. Àwọn olówó ayé ìgbà náà máa ń gba ẹni tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì gba orin òde wọn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn sì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ ọ̀kan. Ariwo ẹ̀rọ amúnáwá ń lọ lábẹ́ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n gbé ọtí wá sí tábìlì àwọn àna. Wọ́n ń ki bàbá kan fún ìgbà pípẹ́, baba, baba ńlá, iṣẹ́, ilé, àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan; àwọn ọmọ náà wà ní Peckham àti Houston lónìí, ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ òun wà lẹ́nu Sunny rí. Lẹ́yìn náà ni ìlù wọlé, ni ariwo bá sọ láti ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe lábẹ́ àtíbàbà, láti ẹ̀yìn. Àwọn mo-gbọ́-mo-yà nìyẹn.

Bí ẹ bá ní irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kì í bọ inú rédíò àtijọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Yóò jẹ téèpù náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń nu orí ẹ̀rọ, kó dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó pe àwọn ará ilé jọ láti gbọ́ ọ.