Rálì ni ó Yẹ Ọkọ̀ Wa
Ta ni ó sọ fún wa pé ẹni tí ó fẹ́ fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣeré ìje gbọ́dọ̀ wá pápá ọlọ́dà tí a ń sá yípo, kí ó sì pa rálì tì? Ní Ire-Àkárí, ní Ìsọlọ̀, orúkọ àdúgbò pàápàá lòdì sí i: ire tí ó kárí ni a ń tọrọ. Inú ọgbà ni ti pápá. Ẹni tí ó bá sanwó ìwọlé ni yóò wò ó, ọkọ̀ a sì máa yípo bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Rálì a máa la abúlé kọjá, ọmọ àgbẹ̀ a sì rí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n ní rálì ń fọ́ ọkọ̀. Òótọ́ ni. Nínú ìdíje Bandama ti ọdún 1972 ní Côte d'Ivoire, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó dé òpin. Ṣùgbọ́n Peugeot 504 ni ó gba Safari ti Kenya ní 1975, ọdún náà gan-an tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Ọkọ̀ tí mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà wa mọ tinú-tẹ̀yìn ni! Ẹni tí kò ní ju ọkọ̀ kan tí yóò gbé e dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé lọ, n kò bá a wí bí ó bá sá fún rálì; kí ó má ṣáà pe ìṣọ́ra rẹ̀ ní ọ̀làjú.