Iná Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní í se Ìkọ́kọrẹ́

Ọjà ti gbówó lórí, gáàsì kò sì rọrùn láti rà. Lójú tèmi, ìkòkò kan ṣoṣo lè bọ́ odidi ìdílé bí a bá padà sídìí ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Ewùrà ni a fi ń sè é, iṣu olómi tí kò dára fún iyán. A ó bẹ ẹ́, a ó rin ín, a ó wá máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú omi ata àti epo pupa tó ń hó. Ẹja gbígbẹ díẹ̀ láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ti tó o. Lẹ́yìn èyí, a ó dín iná kù, a ó sì dé ìkòkò. Mo ti kánjú rò ó rí. Ṣe ni ó di àtè. Sùúrù ni ó ń jẹ́ kí ó jinná ní kókó-kókó.

Àwọn kan ní iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Rírin nìkan ni iṣẹ́. Iná ni yóò ṣe ìyókù, a kò sì ní í se ọbẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọmọ tí kò jẹ ẹ́ rí, báwo ni yóò ṣe dá ewùrà mọ̀ láàrin iṣu? Ẹ jẹ́ kí a máa sè é nílé, kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa.