Kì í Ṣe Ẹjọ́ Èdè Yorùbá

Àwọn kan wà láàrin wa, akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n gbà pé ìtàn àti oríkì nìkan ni Yorùbá mọ̀. Bí a bá jiyàn, ọ̀rọ̀ òrùka wáyà tí iná mànàmáná ń ṣàn nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní kí a fi Yorùbá ṣírò agbára òòfà ní ibi tí kì í ṣe orí ìlà tí ó gba àárín òrùka náà kọjá. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú òrùka tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 láti àárín dé etí, kí iná inú rẹ̀ jẹ́ ámpíà 1. Ní àárín gan-an, agbára òòfà jẹ́ microtesla 6.28. Ìṣirò yìí rọrùn, nítorí pé gbogbo ibi lára wáyà ni ó jìnnà sí àárín bákan náà. Bí a bá gba orí ìlà náà jáde, agbára ń dín kù. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe rò pé àárín ni ó ti pọ̀ jù. Irọ́ ni! Ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ dé ìdajì ọ̀nà sí etí wáyà: ó di 7.83.

Ibí yìí ni wàhálà wà. Apá kan wáyà ti súnmọ́ wa, apá kejì ti jìnnà, a sì ní láti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìròpọ̀ náà kò ní ìdáhùn tí a lè fi ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ tán. Kò ní in ní Yorùbá, kò ní in ní Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní in ní Faransé tí Biot àti Savart ń sọ nígbà tí wọ́n rí òfin wọn ní 1820. Kí ni àwọn onímọ̀ wá ṣe? Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: elliptic integral. Wọ́n fún oríṣi méjì rẹ̀ ní lẹ́tà K àti E; Legendre sì ṣe tábìlì wọn. Àbí ìsọmọlórúkọ kọ́ nìyẹn? Ta ni yóò wá kọ́ Yorùbá ní ìsọmọlórúkọ?

Ọ̀nà tí Gauss là sílẹ̀ tilẹ̀ wà. Níbi tí a dúró sí, sẹ̀ǹtímítà 5 ni wáyà tí ó súnmọ́ wa jù, 15 ni èyí tí ó jìnnà jù. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: 10. Ẹ sọ 5 di púpọ̀ ní ọ̀nà 15, kí ẹ wá nọ́ńbà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní èsì yẹn: 8.66. Ẹ tún fi 10 àti 8.66 ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, méjèèjì ti di 9.32. Láti inú rẹ̀ ni K ti ń jáde, 2.53, ìṣísẹ̀ kan náà ni ó ń bí E.

Kí ẹni tí kò bá gbà mú pẹ́ńsùlù, kí ó ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a wo iye ìlà tí yóò fi kúrú ju tiwa lọ.