Kí A Ka Àpò Símẹ́ǹtì, Kí A Sì Ka Kábọ́ọ̀nù Rẹ̀

Ní ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira ni ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà. Láti ọjọ́ náà ni símẹ́ǹtì ti ń di ilé ẹ̀kọ́, afárá àti ilé ìwòsàn fún wa, tí ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ẹni tí ó bá ní kí a ti irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pa nítorí èéfín kò fẹ́ ire fún wa.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí òkúta ẹfun tó di símẹ́ǹtì, a ní láti yan án nínú ààrò tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n Celsius 1,450. Èédú tàbí gáàsì tí a fi dáná ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde. Òkúta náà fúnra rẹ̀ sì ń tú tirẹ̀, èyí tí ó ju ìdajì àpapọ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n òun ni ó ń bo ayé bí aṣọ, tí kì í jẹ́ kí ooru rọ́nà lọ. Nínú gbogbo èyí tí iṣẹ́ ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run, símẹ́ǹtì nìkan ni ó ni nǹkan bí ìdá 7 nínú 100.

Àwọn kan ń ka èéfín láìka ọjà. Àwọn mìíràn ń ka ọjà láìka èéfín. A kò bá èyíkéyìí nínú wọn lọ. Ohun tí ó tọ́ kí a bèèrè ni bí kábọ́ọ̀nù tí ó jáde lórí tọ́ọ̀nù ọjà kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó. Bí a bá fi amọ̀ funfun tí a yan rọ́pò díẹ̀ lára òkúta ẹfun, kábọ́ọ̀nù yóò dín, àpò símẹ́ǹtì kò ní dín. Bákan náà, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan tí jẹnẹrétọ̀ bá jó ń tú ju kìlógíráàmù 2.5 jáde. Kì í ṣe ìfẹ́ inú ni àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà àti Ọ̀tà fi ń jó o. Àìsí iná mànàmáná tí ó ṣé é gbára lé ni. Ìjọba ní ẹ̀bi tirẹ̀ níbẹ̀.

Òfin Ìyípadà Ojú Ọjọ́ ti ọdún 2021 pa á láṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 50 yan ẹni tí yóò máa bójú tó ọ̀ràn yìí, kí ó sì máa dín kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kù lọ́dọọdún. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Kí ìjọba mú kí ilé iṣẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan máa tẹ ìṣirò méjì jáde lójú ìwé kan náà lọ́dọọdún: iye ọjà tí ó ṣe, àti àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù tí ó tú. A ní kí ó jẹ́ méjèèjì, nítorí bí ọjà bá ń pọ̀, àpapọ̀ lè máa ga bí ti tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ ń wálẹ̀. Láti January 2026 ni òfin Yúróòpù tí ó ń bu owó lé kábọ́ọ̀nù inú símẹ́ǹtì, irin àti ajílẹ̀ tí a ń kó wọ ọ̀dọ̀ wọn ti múlẹ̀. Ẹni tí kò ní ìṣirò tirẹ̀ lọ́wọ́, ìṣirò ẹlòmíràn ni yóò fi sanwó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìṣirò pípín ni èyí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é bí a bá fún un ní iye méjèèjì. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí olùdíje yín bá ṣèlérí ilé iṣẹ́ tuntun, ẹ bi í bóyá yóò jẹ́ kí a rí ìwé náà. Èéfín ni ìwà. Ilé iṣẹ́ tí ìwà rẹ̀ gún kò ní bẹ̀rù kí a ka tirẹ̀.